Abẹ́rẹ́ Méjì Lára Gbòǹgbò Kan

Gbòǹgbò ewéko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Arabidopsis kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Lára gbòǹgbò tí kò ju báyìí lọ ni Sergey Shabala, ti Yunifásítì Tasmania ní Australia, àti Roger Lew, ti Yunifásítì York ní Toronto, ti ṣe iṣẹ́ kan tí ìwé àtìgbàdégbà Plant Physiology gbé jáde ní ọdún 2002. Kì í ṣe irú iṣẹ́ tí àwọn oníròyìn máa ń pariwo. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n nawọ́ sí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì kan tí ọwọ́ kò ti já ọpọlọ kulẹ̀, tí ọpọlọ náà kò sì já ọwọ́ kulẹ̀, ibẹ̀ ni n ó nawọ́ sí.

Ìbéèrè tí wọ́n gbé dání kò le láti lóye. Ẹni tó bá ti dé ìsọ̀ aléfọ̀ọ́ lọ́sàn-án gangan mọ̀ pé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó ti rọ á tún nàró bí wọ́n bá ki ìdí rẹ̀ bọ omi. Omi ló ń gbé ewé dúró. Inú sẹ́ẹ̀lì ewéko kọ̀ọ̀kan ni omi wà, iyọ̀ àti ṣúgà oríṣiríṣi sì ti yọ́ sínú omi náà. Omi yìí a máa ti ògiri sẹ́ẹ̀lì láti inú, ìfúnpá yẹn ló sì ń jẹ́ kí èèhù tí kò tíì ní igi lára lè dúró ṣinṣin, kí orí gbòǹgbò sì lè wọ ilẹ̀ líle. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí Shabala àti Lew wọ̀n, ìfúnpá náà jẹ́ 0.65 lórí òṣùwọ̀n mẹ́gápásíkà (MPa). Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Bí ilẹ̀ bá wá gbẹ, tàbí bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ilẹ̀, omi á máa fi sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, nítorí ibi tí ohun tó yọ́ sómi bá ti pọ̀ jù ni omi máa ń rọ́ lọ. Ìfúnpá á wálẹ̀, ewé á rọ, gbòǹgbò á dáwọ́ dúró. Ewéko kò lè ṣí kúrò níbi tó wà. Ohun tó lè ṣe ni pé kó sọ omi inú ara rẹ̀ di èyí tó ki ju ti ìta lọ, kí omi lè tún ní ìdí láti padà wọlé. Ọ̀nà méjì ló wà fún un láti ṣe é. Ó lè fi agbára ara rẹ̀ ṣe ṣúgà àti àwọn èròjà tó jọ ọ́, tàbí kó fa áyọ́nù wọlé láti inú ilẹ̀. Áyọ́nù ni wọ́n ń pe èròjà tó ti yọ́ sínú omi tó sì ru iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀ lára. Iyọ̀ ọbẹ̀ tí a bù sómi, sódíọ̀mù àti kilóráìdì ló ń dà níbẹ̀.

Ṣáájú 2002, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé áyọ́nù máa ń wọlé sí i bí wọ́n bá da omi tó ki sórí gbòǹgbò. Wọ́n mọ̀ bákan náà pé ìfúnpá inú sẹ́ẹ̀lì máa ń lọ sókè padà. Ohun tí wọn kò ní ni ẹ̀rí tó so méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá wọn ọ̀kan lónìí lára ewéko kan, tí wọ́n sì wọn èkejì lóṣù tó ń bọ̀ lára ewéko mìíràn, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀kan ló bí èkejì. Shabala àti Lew ní àwọn yóò wọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu kò wúwo láti sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti wúwo ni ká ṣe é.

Ẹ wo ti ìfúnpá ná, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n á mú ọ̀pá gíláàsì tínrín kan, ẹ̀rọ á fi iná yọ́ àárín rẹ̀, á sì fà á já. Ẹnu tó kù á tínrín débi pé a kì í fi mìlímítà wọ̀n ọ́n mọ́, bí kò ṣe máíkírọ́ọ̀nù, èyí tí ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di mìlímítà kan. Wọ́n á rọ òróró sílíkóònù kún inú abẹ́rẹ́ gíláàsì yìí. Atẹ́gùn kankan kò gbọdọ̀ kù síbẹ̀, nítorí atẹ́gùn ṣe é fún pọ̀: ìhó kan ṣoṣo á gbé ìfúnpá tí wọ́n ń wá mì, òǹkà tí wọ́n bá sì kà yóò di irọ́. Abẹ́rẹ́ náà so mọ́ àpótí kékeré kan tó ní ohun èlò tí ń ka ìfúnpá àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lè fi ìdè yí wọlé tàbí yí jáde.

Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, olùṣiṣẹ́ á rọra sún ẹnu abẹ́rẹ́ mọ́ awọ gbòǹgbò títí yóò fi gún sẹ́ẹ̀lì kan. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi inú sẹ́ẹ̀lì á tú wọ ẹnu gíláàsì, á sì ti òróró sẹ́yìn. Òróró àti omi kì í pò, nítorí náà ojú máa ń rí ibi tí wọ́n ti pààlà: ìlà kan báyìí tó mọ́ kedere nínú gíláàsì. Iṣẹ́ olùṣiṣẹ́ ni láti yí irin náà wọlé díẹ̀díẹ̀ kí òróró lè ti ìlà yẹn padà sí ẹnu abẹ́rẹ́, kí ó sì dúró síbẹ̀. Bí ìlà bá ti dúró jẹ́ẹ́, a jẹ́ pé ìfúnpá òróró àti ti sẹ́ẹ̀lì ti dọ́gba. Òǹkà tó bá wà lójú ẹ̀rọ nígbà náà ni ìfúnpá inú sẹ́ẹ̀lì.

Àṣejù kékeré kan ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Omi inú ẹ̀kán kan ṣoṣo lè kún ju ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá yí irin jù, òróró á wọ inú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á sì kú. Bí wọn kò bá yí i tó, omi sẹ́ẹ̀lì á ṣẹ́ kù sínú gíláàsì, wọ́n á wá máa wọn ìfúnpá sẹ́ẹ̀lì tí àwọn fúnra wọn ti jà lólè. Wọ́n ní láti dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan, nígbà tí wọ́n ti pààrọ̀ omi tó yí gbòǹgbò ká, tí sẹ́ẹ̀lì náà ti sún kì, tí ìlà náà sì ń fẹ́ kúrò nípò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kan kò gbọdọ̀ gbọ̀n. Tábìlì náà kò gbọdọ̀ mì. Mo ka ìdúró yẹn sí iṣẹ́ ọnà gidi, mi ò sì rò pé mo ń bù mọ́ ọn.

Ulrich Zimmermann àti Ernst Steudle pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jülich, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀. Ní 1969, ewéko inú omi tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tóbi tó fi jẹ́ pé ojú lásán ń rí i ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Ó di 1978 kí àwọn àti Dieter Hüsken tó lè lò ó fún sẹ́ẹ̀lì kékeré irú èyí tí à ń sọ yìí.

Abẹ́rẹ́ kejì kì í gún nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Ian Newman ní Tasmania ni ọgbọ́n tirẹ̀ ti wá. Gíláàsì ni òun náà, ẹnu rẹ̀ kò sì ju máíkírọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n omi olóròóró kan ló wà ní ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ tó ń yan áyọ́nù kan ṣoṣo, tó sì ń kọ àwọn yòókù. Ti pòtásíọ̀mù ni mo fẹ́ràn jù. Èròjà tó ń ṣe yíyàn níbẹ̀ ni valinomycin, tí kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ máa ń ṣe. Òrùka ni ìrísí rẹ̀. Pòtásíọ̀mù wọ àárín òrùka náà rẹ́gí. Sódíọ̀mù kéré sí i, kò sì bá a mu. Nítorí náà òrùka yìí kì í ṣi áyọ́nù méjèèjì mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra nínú gbogbo nǹkan mìíràn. Omi tó ń yan sódíọ̀mù kò já fáfá tó o, ìdí nìyẹn tí ti sódíọ̀mù fi máa ń fún olùṣiṣẹ́ níṣòro jù.

Kí omi olóròóró yẹn tó lè dúró lẹ́nu gíláàsì, wọ́n ní láti kọ́kọ́ yan gíláàsì náà nínú ààrò ní ìwọ̀n gbígbóná tó ju ọgọ́rùn-ún méjì lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí wọ́n sì fi kẹ́míkà kan pa inú rẹ̀ lára tí yóò mú kó kọ omi lásán. Bí wọ́n bá kánjú níbẹ̀, omi á yọ́ gba àárín gíláàsì àti òróró, abẹ́rẹ́ á sì máa sọ ohun tí kò rí.

Ọgbọ́n tó kù wà nínú bí abẹ́rẹ́ yìí ṣe ń rìn. Ẹ̀rọ á gbé e sún mọ́ gbòǹgbò, á gbé e jìnnà síi ní ìwọ̀n máíkírọ́ọ̀nù mélòó kan, á tún gbé e padà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan-mélòó kan. Bí gbòǹgbò bá ń fa pòtásíọ̀mù wọlé, pòtásíọ̀mù tó wà nítòsí awọ rẹ̀ á dín ju èyí tó wà lókèèrè lọ. Ìyàtọ̀ náà kéré gan-an, àmọ́ láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò iye tó ń wọlé. Wọ́n ń ka ohun tí gbòǹgbò ń jẹ láìfọwọ́ kàn án.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ fún gbòǹgbò, Shabala àti Lew kò lo iyọ̀. Ẹlòmíràn ì bá lò ó, nítorí iyọ̀ ló ń pa oko run ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ a máa ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: ó ń fa omi jáde, ó sì ń ṣe májèlé. Mannitol àti sorbitol ni wọ́n lò, 100 mílímólà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbátan ṣúgà ni méjèèjì, wọn kò ru iná, wọn kì í sì í tètè wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á fa omi, wọn kò ní ṣe nǹkan mìíràn, wọn kò sì ní da abẹ́rẹ́ tó ń ka áyọ́nù láàmú. Irú ìpinnu báyìí ni mo máa ń wò lára olùwádìí kí n tó wo èsì rẹ̀.

Èsì náà wá dé. Bí omi tó ki náà ṣe kan gbòǹgbò, ìfúnpá já wálẹ̀ láti 0.65 MPa sí nǹkan bí 0.25 MPa, lójú ẹsẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì pàdánù ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ní àkókò kan náà ni abẹ́rẹ́ kejì rí i pé pòtásíọ̀mù, kilóráìdì àti sódíọ̀mù ti ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ní ìwọ̀n nánómóòlù 30 sí 80 lórí mítà onígun mẹ́rin kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òǹkà yẹn lè má dun etí, nítorí náà mo yí i sí ohun tí ojú lè fọkàn rí: lórí máíkírọ́ọ̀nù onígun mẹ́rin kan ṣoṣo, èyí jẹ́ áyọ́nù bí 18,000 sí 48,000 tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó fi máa di ìṣẹ́jú 40 sí 50, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti gba ohun tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìfúnpá wọn padà. Omi tó ki náà ṣì wà níta bó ṣe wà. Kò sí ẹni tó bá wọn ṣàn án kúrò. Sẹ́ẹ̀lì ló tún ara rẹ̀ ṣe.

Àwọn méjèèjì kò dúró síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ẹnu ọ̀nà tí pòtásíọ̀mù ń gbà wọlé. Awọ sẹ́ẹ̀lì ní pọ́ǹpù kan tó ń ti áyọ́nù háídírójìn jáde láìsinmi, èyí ló sì ń mú kí iná inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ òdì sí ti ìta, ó sábà máa ń ju 100 mílífóòtì lọ. Pòtásíọ̀mù ru iná tó lòdì sí ti inú yẹn, nítorí náà inú á máa fà á. Bí mannitol bá dé, iná òdì yẹn á tún pọ̀ sí i, ìfàmọ́ra náà á sì le sí i. Kilóráìdì ru irú iná kan náà pẹ̀lú inú sẹ́ẹ̀lì, kò sì lè wọlé lásán. Ó ní láti bá háídírójìn tó ń padà bọ̀ rìn. Shabala àti Lew wá lo ọgbọ́n tí wọ́n fi ń de iná sẹ́ẹ̀lì mọ́ ibi tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ ka pòtásíọ̀mù lọ́wọ́ kan náà. Wọ́n rí i pé lápá kan, àwọn ẹnu ọ̀nà tó ń ṣí tó sì ń tì gẹ́gẹ́ bí iná bá ṣe rí ló ń gba pòtásíọ̀mù náà wọlé. Ẹ kíyè sí "lápá kan" yẹn. Àwọn fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn wọn, wọn kò jẹ́ kí ìdùnnú gbé wọn sọ ju ohun tí wọ́n rí lọ.

Ta ló wá ń jíṣẹ́ fún pọ́ǹpù àti ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí pé wàhálà ti dé? Kálísíọ̀mù wà lára àwọn ìránṣẹ́ náà. Ní 1997, Heather Knight, Anthony Trewavas àti Marc Knight ní Bìrìtéènì lo Arabidopsis tí wọ́n ti fi èròjà kan láti ara ẹ̀dá òkun Aequorea sínú rẹ̀, èròjà tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ bí kálísíọ̀mù bá kàn án. Bí wọ́n ṣe da mannitol tàbí iyọ̀ sí èèhù náà, ìmọ́lẹ̀ tàn: kálísíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì ti lọ sókè. Ní 2014, Fang Yuan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà lo irú ìmọ́lẹ̀ yìí láti wá èèhù tí kì í tàn dáadáa bí wọ́n bá da sorbitol sí i, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí ẹnu ọ̀nà kálísíọ̀mù tí wọ́n sọ ní OSCA1. Gbòǹgbò èèhù tí OSCA1 rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í lè fara da wàhálà omi bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 2018, àwọn mìíràn fi hàn pé ẹnu ọ̀nà yìí àti àwọn ìbátan rẹ̀ ń ṣí bí awọ sẹ́ẹ̀lì bá fà. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn abẹ́rẹ́ méjì yẹn ni ọkàn mi ṣì wà, nítorí pé àwọn ló jẹ́ ká rí ohun tí ìkìlọ̀ náà ń bí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n àti ọ̀pọ̀ sì tún wà nínú rẹ̀. Láti ṣe ẹyọ mannitol tàbí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ kan láti fi gba ìfúnpá padà, agbára tí ewéko máa ná tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó máa ná láti fa áyọ́nù wọlé, nígbà míì ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewéko tó wà nínú ọ̀dá, tí ewé rẹ̀ ti pa ihò afẹ́fẹ́ dé, tí oúnjẹ kò wọlé fún un bó ṣe yẹ, kò ní agbára tó pọ̀ láti fi ṣòfò. Áyọ́nù tó wà nílẹ̀ ló yá. Ewu wà níbẹ̀ bí ó bá jẹ́ sódíọ̀mù ló pọ̀ jù, torí sódíọ̀mù máa ń ba iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ bí wọn kò bá tì í mọ́ inú àpò ńlá tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì. Pòtásíọ̀mù ni ọ̀rẹ́ tó ṣe é finú hàn. Òun ni K tó gbẹ̀yìn lára àpò ajílẹ̀ NPK, òun náà ló sì pọ̀ nínú eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Àgbẹ̀ tó ń da eérú sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fi ohun èlò sí gbòǹgbò lọ́wọ́ de ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ Báyólójì, ọ̀dọ̀ yín ni mo wá parí ọ̀rọ̀ sí. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí àwọn ọmọ gbẹ́ inú isu tútù, kí wọ́n bu omi iyọ̀ tàbí ti ṣúgà sí i, kí wọ́n gbé e sínú abọ́ omi, kí wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún isu tí wọ́n ti sè. Àwọn ọmọ á rí i pé omi gòkè nínú isu tútù, kò sì gòkè nínú èyí tí wọ́n sè, wọ́n á kọ "osmosis" sínú ìwé, ẹ̀kọ́ á sì parí. Ohun tí wọ́n ń bá lọ sílé ni pé àpò tó ń jo ni sẹ́ẹ̀lì, omi kàn ń wọ ibẹ̀, ó ń jáde bó ṣe wù ú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un. Ẹ ya ìlà ìfúnpá náà fún wọn sójú pátákó, láti 0.65 wá sí 0.25, kí ẹ sì tún fà á padà sókè títí dé nǹkan bí 0.6. Ẹ bi wọ́n pé kí ló gbé e padà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e lórí láàárín ara wọn kí ẹ tó sọ fún wọn. Àwòrán náà kò gbà ju ẹfun kan àti pátákó kan lọ.